Wáàtì ni ká kà, ká má ka gílóòbù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ayálégbé ní Àjàṣẹ́, Pọ́bẹ̀, Kétu àti Sábẹ̀, ìparí oṣù ni ìjà owó iná máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń lọ. Compteur kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé. Tí owó bá dé, tàbí tí iná orí káàdì bá tán, ẹnì kan á mú bíróò àti ìwé, á sì máa wọ yàrá kọ̀ọ̀kan láti ka gílóòbù. Yàrá àkọ́kọ́ ní mẹ́ta, ìkejì ní méjì, ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé ní mẹ́rin. Wọ́n á pín owó náà sí iye gílóòbù, kálukú á sì san tirẹ̀.

Ó jọ ohun tó tọ́. Àwa ò gbà pé ó tọ́, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kà wá.

Gílóòbù àtijọ́ la kọ́kọ́ fẹ́ sọ, èyí tí okùn wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyín iná. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nílé wa máa ń jẹ 60 wáàtì. Gílóòbù tuntun tí wọ́n ń pè ní LED, tó bá jẹ́ ojúlówó, 9 wáàtì péré ló máa jẹ kó tó mọ́lẹ̀ tó o. Ká ní ẹ tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún wákàtì 5 lálaalẹ́. Lẹ́yìn 30 ọjọ́, ti àtijọ́ á ti jẹ kílówáàtì 9, LED ò sì ní jẹ tó 1 àbọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ayálégbé méjì nínú ilé kan náà. Gílóòbù mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ní, àmọ́ ti àtijọ́ ni ẹnì kan ń lò, èkejì ń lo LED. Ká fi 100 sẹ́fà ṣe owó kílówáàtì kan, kí ìṣirò lè rọrùn. Iná tí ẹni àkọ́kọ́ jẹ lóṣù jẹ́ 3,600 sẹ́fà. Ti ẹnì kejì jẹ́ 540. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,140. Tí wọ́n bá wá ka gílóòbù, mẹ́rin dọ́gba pẹ̀lú mẹ́rin, kálukú á san 2,070. Ìyẹn ni pé ẹni tó fara balẹ̀ ra gílóòbù tó dáa ń san 1,530 sẹ́fà fún aládùúgbò rẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́dún kan, ó ti lé ní 18,000. Kí ló wá fẹ́ mú kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn lọ ra LED?

Ohun tó ń jẹ wáàtì àtijọ́ yẹn kì í kúkú ṣe ìmọ́lẹ̀. Ooru ni. Nínú iná 100 sẹ́fà tó bá wọ inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí gbà kò tó ti 10 sẹ́fà, ooru ló ń kó gbogbo ìyókù lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ooru yẹn gan-an ni wọ́n ń wá: àwọn tó ń sin adìyẹ, tí wọ́n ń gbé e kọ́ sókè orí àwọn òròmọdìyẹ kí òtútù má bàa pa wọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn, kí wọ́n máa lo tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n yàrá tí èèyàn ń sùn sí nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí ara ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, ta ló ń wá ooru síbẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta àkàrà lálẹ́ ní Kétu dá wa lóhùn nígbà tá a sọ èyí fún un. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ yín. LED tí mo rà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Èyí tẹ́ ẹ ní kò dáa yìí ló tún ń tàn fún mi.” A ò lè bá ìyá jiyàn lórí ìyẹn, torí òótọ́ ló sọ. Ayédèrú LED pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 15 wáàtì sí ara páálí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò ní tó ti 5, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa ṣẹ́jú, tí á sì kú. Gílóòbù tí wọ́n ní á lo wákàtì 15,000 yẹ kó lò ju ọdún 8 lọ tẹ́ ẹ bá ń tàn án fún wákàtì 5 lálẹ́. Ti àtijọ́ máa ń lo nǹkan bí 1,000, ìyẹn 200 ọjọ́. Àmọ́ orí páálí nìyẹn. Iná tó ń lọ sókè sódò lábúlé kì í jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn lo ọjọ́ rẹ̀ pé.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má wo wáàtì nìkan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lm sí, òun ló ń sọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Èyí tó bá tó 800 lè rọ́pò 60 wáàtì àtijọ́. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó bá ti ilé yín mu, torí àwọn kan ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, àwọn kan sì ní ìwọ́ méjì. Ẹ má fi í sínú awo gíláàsì tó dé pa, torí ooru tó bá há mọ́ ibẹ̀ á bà á jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta oúnjẹ lálẹ́, èyí tí wọ́n kọ blanc chaud sí ni kẹ́ ẹ mú: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kì í fa kòkòrò tó èyí tó funfun bí ẹfun.

Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ fi bíróò kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ tà á sí ìdí gílóòbù, kẹ́ ẹ sì gbà á padà tó bá kú kí oṣù kan tó pé. Ẹni tó ń ta ojúlówó ò ní pàdánù níbẹ̀.

Ó ku èyí tó lọ́ bí ìfun, tí gíláàsì rẹ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní économique. Kì í jẹ iná púpọ̀ lóòótọ́. Lọ́dún 2007, nígbà tí omi adágún Akosombo fà, tí iná wọ́n ní Gánà, tí àwa náà ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tá à ń ra iná lọ́wọ́ wọn sì mọ̀ ọ́n lára, 6 mílíọ̀nù irú rẹ̀ ni ìjọba Gánà pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn aráàlú láti fi rọ́pò ti àtijọ́. Lọ́dún 2008, wọ́n fòfin de kíkó ti àtijọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì wà nínú économique, díẹ̀ ni, àmọ́ májèlé ni. Tó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí àwọn ọmọdé jáde kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì fi páálí kó o sínú ìgò tẹ́ ẹ lè dé pa. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kó o, ẹ má sì fi ọwọ̀ gbá a. Àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Minamata, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára wọn, ti pinnu lọ́dún 2022 pé ọdún 2025 ni òpin ṣíṣe àti kíkó àwọn kékeré rẹ̀ wọlé. Ẹni tó ní in nílé lè lò ó tán. Kò sídìí láti tún ra òmíràn.

Ká padà sínú ilé ayálégbé. Ohun tá a fẹ́ kí àwọn onílé àti ẹni tó ń gba owó iná ṣe kò le. Kí wọ́n ka wáàtì dípò gílóòbù. Ó wà lára gílóòbù, ó wà lẹ́yìn fáànù àti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣe é pọ̀ mọ́ iye wákàtí tí wọ́n ń lò ó lójúmọ́, kí wọ́n sì fi ìyẹn pín owó. Níbi tí agbára bá ká a, compteur kékeré ní ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan dáa ju ìyẹn lọ.

A mọ ilé kan ní Àjàṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá onílé lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, orúkọ yàrá ní apá kan, wáàtì ní apá kejì. Láàárín oṣù méjì, gílóòbù àtijọ́ tó kù nínú ilé náà ò ju ẹyọ kan lọ, tí ilé ìwẹ̀. Ẹni tó wá ń pariwo báyìí ni ọ̀gbẹ́ni tó ní áyọ́ọ̀nù, torí ojú gbogbo wọn ló ṣe rí i pé nǹkan tí òun ń fi lọ aṣọ ń jẹ ju 1,000 wáàtì lọ.