Owó ilé tí a fọwọ́ sí ni a ó san



Ọ̀kan nínú wa ní Àjàṣẹ́ yá ilé ní 25.000 F lóṣù. Òun àti onílé jọ fọwọ́ sí kọ́ńtrà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bàbá onílé ní ìwé ṣì kọ ni, pé 35.000 F ló wà lọ́kàn òun. Ó kọ owó tí ọmọ náà mú wá, ó ní òun á ti ilẹ̀kùn pa.

Àwọn àgbà ní kí a lọ bẹ bàbá. A lọ, nítorí àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kí ni? Òfin àdéhùn tí Benin ń lò sọ pé ohun tí ènìyàn méjì bá fọwọ́ sí bó ti yẹ, òfin ló jẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ẹnì kan kò lè dá yí i padà. Láti ọdún 2018 ni a sì ti ní òfin ilé yíyá tiwa, òfin 2018-12.

Ayálégbé tó bá bínú, tí kò san nǹkan kan mọ́, ara rẹ̀ ló ń pa lára. Ẹ san 25.000 F yẹn lọ́jọ́ tó pé, ẹ fi MoMo san án kí àmì rẹ̀ lè wà, ẹ gba kíítánsì. Bí onílé bá kọ̀ ọ́, ẹ mú owó náà tọ huissier lọ kó bá yín fi lọ̀ ọ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Adájọ́ ló ń lé ènìyàn kúrò nílé, kì í ṣe àgádágodo, kì í sì í ṣe páànù tí wọ́n ṣí lórí ilé.

Bí 25.000 F kò bá tó bàbá mọ́, kó pè wá jókòó, kí a jọ sọ ọ́, kí a kọ ìwé tuntun. A ò sá fún ìyẹn.