Ẹ wo òkúta kí ẹ tó dá òkun lẹ́bi

Bí ilé bá ti já sínú omi ní etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkun ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ìgbì ti le jù, wọ́n á ní ojú ọjọ́ ti yí padà. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé lórí ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ wo Yorkshire. Ní Flamborough, bèbè òkun ga, ó funfun, ó sì dúró gbọin-gbọin: ẹfun líle ni, ìkarahun àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó kú sí ìsàlẹ̀ òkun ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Ẹ wá sí gúúsù díẹ̀, ẹ ó bá Holderness, tí bèbè tirẹ̀ jẹ́ kìkì amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí yìnyín ayé àtijọ́ wọ́ wá síbẹ̀, tó sì fi sílẹ̀ nígbà tó yọ́. Òkun Àríwá kan náà ló ń lu àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, nǹkan bíi mítà 2 ni Holderness ń pàdánù lọ́dún, nígbà tó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà la fi ń wọn ti Flamborough. Kódà, amọ̀ yìí kan náà wà lórí ẹfun Flamborough, òun ló sì máa ń ya wálẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé òkúta líle náà ń wó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, apá ńlá kan lára bèbè ẹfun Beachy Head ní Sussex dà lulẹ̀ wọ inú òkun. Akọ òkúta Land's End ní Cornwall pàápàá ní ojú ìlà tó là á lóòró, ibẹ̀ sì ni ìgbì ń gbà wọlé. Ohun tí èyí fi hàn ni pé líle nìkan kọ́ ló ń gba òkúta là. Ibi tó ti sán, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣe pàtàkì bákan náà. Ní etíkun Dorset, nítòsí Lyme Regis, òkúta oníyanrìn ló wà lókè, amọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Omi òjò á rin wọ òkúta, á dé orí amọ̀, kò ní rí ọ̀nà lọ mọ́, ni ilẹ̀ òkè á bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀. Odi tí wọ́n mọ sí ẹsẹ̀ irú bèbè bẹ́ẹ̀ lè dá ìgbì dúró, kò lè dá òjò dúró. Amọ̀ Holderness náà kò yàtọ̀: bí ògiri alámọ̀ tí kò ní òrùlé ló rí, òjò á rẹ ẹ́ látòkè, òkun á gbẹ́ ẹ nísàlẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ odi ní èsì kan tó lágbára: ẹ wo Mappleton, abúlé kan ní Holderness. Ní ọdún 1991, wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn láti kó akọ òkúta sí etíkun abúlé náà, abúlé náà sì wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n yanrìn tí ìgbì ì bá gbé lọ sí gúúsù há síbẹ̀. Bèbè Cowden tó wà ní gúúsù abúlé náà kò rí yanrìn bora mọ́, oko àwọn ará ibẹ̀ sì ń yára wọ omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa náà mọ irú rẹ̀ l'Ékòó. Odi òkúta tí wọ́n tì wọ inú òkun láàárín 1908 sí 1912 la ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi, ó sì dá yanrìn dúró ní ìwọ̀-oòrùn, ni òkun bá kọjú sí Victoria Island. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní odi ti gba ibì kan là, ẹ bi wọ́n pé ta ló sanwó rẹ̀.

Ṣé ká wá fi àwọn èèyàn sílẹ̀ kí òkun gbé wọn lọ ni? Rárá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ìjọba yé ra òkúta fún amọ̀, kí wọ́n fi owó náà ra ilé àti oko lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé etí bèbè, kó tó di pé ilé ọ̀hún kò níye lórí mọ́. Lónìí, kò sí òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ di dandan láti san iye ilé tí òkun bá gbé fún onílé, èyí tí mo kà sí ìwà ìkà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilé tuntun níbẹ̀, kí wọ́n kọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé náà àti iye mítà tó ń dín lọ́dún sínú ìwé rẹ̀, kó tó fọwọ́ sí i.