Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tó Pa Ẹ̀gúsí

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ koríko ni a gbé wá sí ojú ìwé yìí nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ nípa ìfẹ́ àti ìdìbò ẹgbẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ló ń dùn wá.

Kwali ni wọ́n bí wa sí. Ogbomọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá, ṣùgbọ́n ìgbà ọdún Kérésì nìkan ni àwa ń fojú kan ibẹ̀. Ẹni tó bá gba Gwagwalada kọjá lọ sí ọ̀nà Lọ́kọ́ja yóò dé ìlú wa, ìlú Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20. Onílé wa tó jẹ́ Gbagyi ló fún ìyá wa ní ilẹ̀ tó fi ń dáko. Bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ ni ìyá wa ń ṣe é: iṣu lápá kan, àgbàdo lápá kejì, ẹ̀gúsí láàárín àgbàdo kí ewé rẹ̀ lè tẹ́ bo ilẹ̀, kí èpò má ráyè yọjú.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, owó àwọn tí ń báni roko ti gun òkè àjà. Ìyá wa ní apá òun kò ká a mọ́, ó lọ ra oògùn lọ́jà. Ẹni tó tà á fún un ní "maganin ciyawa" ni. Ó gbé ìgò náà délé, ó nà án sí wa: "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára."

A kà á. Atrazine ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé pre-emergence herbicide ni, wọ́n sì dárúkọ àgbàdo pé òun ni wọ́n ṣe é fún. A kà á tán, a sì túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Màmá, oògùn koríko ni." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ohun tí Haúsá ti sọ lọ́jà náà ni àwa tún sọ nílé, àwa tí wọ́n ń san owó ilé ìwé fún.

Wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n gbin ẹ̀gúsí, wọ́n fín oògùn lé e. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Àgbàdo hù dáadáa, ilẹ̀ sì mọ́ bí ìgbà tí a fi ọwọ̀ gbá a. Inú wa ń dùn. Ẹ̀gúsí yọrí díẹ̀díẹ̀, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti etí wá, kò sì pẹ́ tó fi gbẹ tán. Ìyá wa rò pé irúgbìn ló ti gbó, ó tún òmíràn gbìn. Ìyẹn náà bá ẹgbẹ́ lọ. Ìgbà yẹn ni a tó lọ mú ìgò náà, tí a fara balẹ̀ kà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Oríṣi oògùn koríko méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan wà tí a ń fín sí ewé tútù, irú glyphosate. Èpò gbọ́dọ̀ ti hù kó tó rí nǹkan pa. Èkejì, ilẹ̀ tí a ti tọ́jú, tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, ni a ń fín in sí. Òjò díẹ̀ ni yóò gbé e wọ ilẹ̀ lọ bá irúgbìn èpò. Bí òjò kò bá tètè rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dá múṣémúṣé. Bó bá sì rọ̀ jù, àgbàrá a gbé e lọ sódò. Pendimethalin, bí àpẹẹrẹ, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò èyí tó ń hù lè dàgbà. Ní ti atrazine, gbòǹgbò ló ń mu ún, yóò gun inú ewé lọ, yóò sì dí ọ̀nà tí ewé ń gbà fi oòrùn se oúnjẹ rẹ̀. Àgbàdo ní ohun kan lára tó fi ń tú oògùn yìí ká. Ẹ̀gúsí kò ní in. Ẹ̀kan ńkọ́? Ẹ̀kan tó ń ti ara ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ sọ jáde kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fín nǹkan.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo irú oògùn yìí fún pápá koríko iwájú ilé wọn. Bí òtútù bá ti ń lọ, tí ilẹ̀ ń móoru, ni wọ́n ń fín in kí èpò tó jí. Ẹni tó bá fín in tán, tó wá fọ́n irúgbìn koríko tuntun sójú kan náà, òfò ló fọ́n. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ké pé kí wọ́n fín in sí pápá iwájú gbọ̀ngàn wa, ẹ ti pẹ́. Èpò ibẹ̀ ti ga tó ẹni tó ń lúgọ.)

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Oògùn yìí kò tilẹ̀ dúró de kékeré. A kò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tó ká wa lára ni pé ẹ̀gúsí gan-an ni ìyá wa fi ń dènà èpò tẹ́lẹ̀, òun náà sì ni a fi oògùn ìdènà pa.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí NAFDAC ti kéde pé kí atrazine kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, bí wọ́n ti ṣe fún paraquat ní 2024. A fara mọ́ ọn. Oògùn náà máa ń jò wọ omi abẹ́ ilẹ̀, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti kọ̀ ọ́ láti 2004. Omi kànga sì ni ọ̀pọ̀ wa ń mu. Ṣùgbọ́n òmíràn yóò dé orí àtẹ, yóò ní irúgbìn tó ń dá sí àti èyí tó ń pa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sì fi kọ ọ́ sára ìgò.

Kì í ṣe pé a kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A gbọ́ ọ. A gbọ́ Yorùbá náà, ṣùgbọ́n Yorùbá "wá jẹun" àti "owó dà" ni tiwa. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. A ti bi mẹ́fà nínú yín ní ohun tí ẹ ó pe pre-emergence fún ìyá yín. "Oògùn koríko" náà ni ẹ fi dá wa lóhùn.

Ẹgbẹ́ wa ń náwó sí aṣọ ẹgbẹ́, a ń náwó sí ìlù, ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ní sáà yìí, kí olúkúlùkù gbé ìgò òfìfo tàbí ìwé oògùn kan wá láti ilé, kí a jókòó tì í, kí a túmọ̀ rẹ̀ dé orí ìlà tó sọ iye ọjọ́ tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fi wọ oko náà. Àwa ti mú méjì wá: oògùn ṣáájú-híhù àti oògùn lẹ́yìn-híhù. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e jáde.

Ìyá wa ti padà sídìí ọkọ́. Ẹ̀gúsí tuntun wà nínú agbè lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fi ìgò kan ilẹ̀ òun mọ́ títí a ó fi lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní èdè tí òun gbọ́.