Ààrò Ìyẹ̀ Igi

Àwọn kan a máa fi ojú tín-ín-rín wo ìyàwó ilé tí ń fi ìyẹ̀ igi dáná. Ìrònú wọn kò tọ̀nà. Ní Ọ̀rẹ̀ àti ní Òdìgbó, ibi tí a ti ń la gẹdú kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ayùn ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ tó láti bọ́ odidi ìdílé.

A ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ agolo ńlá nísàlẹ̀, a ó ki igi kan bọ̀ ọ́, a ó sì gbé òmíràn nàró láàárín kí wọ́n pàdé. A ó wá ki ìyẹ̀ gbígbẹ mọ́ ọn pinpin, a ó rọra yọ igi méjèèjì, a ó sì ṣáná sí ihò ìsàlẹ̀. Yóò máa jó jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsí ẹni tí ń fẹ́ ẹ. Ìta gbangba ni kí ó wà o, nítorí èéfín rẹ̀ léwu.

Iná jẹ́jẹ́ ni ẹ̀wà ń fẹ́; òun náà ni í sọ ẹsẹ̀ màlúù líle di rírọ̀. Bí àgbàdo bá wà nílé, àdàlù dé nìyẹn. Owó gáàsì tí ìyá kò ná, ẹja ni yóò fi rà sí i.