Ẹ yí àga yẹn dojú dé kẹ́ ẹ tó sanwó

1. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè bí àwọn káfíńtà kan nínú, ẹ má bínú: àga tó ń dán bíi dígí kì í ṣe àga tó lágbára. Dídán la ti ń sanwó fún látọjọ́ yìí. Ìdí ìbọn ọdẹ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ẹ fara balẹ̀, ó máa yé yín.

2. Ẹ wo ìbọn ṣakabùlà. Irin gígùn ló wà lókè, igi ló gbé irin náà dúró. Wọ́n gbẹ́ ojú ibi tí irin á jókòó sí sínú igi, kó má baà mì. Ọdẹ á gbé e wọ igbó lóru, ìrì á sẹ̀ sí i, òjò á pa á, òógùn ọwọ́ á kàn án. Tí igi yẹn bá mu omi, á wú. Tó bá gbẹ, á sún kì. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, á là, irin ò sì ní jókòó dáadáa mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọdẹ sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn tó bá ń yìn ín. Ọ̀rọ̀ ojú àti ẹ̀mí nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà.

3. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi dídán bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ fi sánpépà ha igi títí á fi kúnná. Kí sánpépà tó dé, ewé ìpín làwọn agbẹ́gilére wa ń lò. Lẹ́yìn náà, á fi ohun tó ń dí ojú igi kun gbogbo ibi, títí kan inú ibi tí irin jókòó sí àti ìdí tó ń kan èjìká. Ibi téèyàn ò ní rí gan-an ló kọ́kọ́ ń tọ́jú.

4. Kí ló dé? Igi ní ihò tín-ín-tín tó gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibẹ̀ ló ń gba fa omi nígbà tó ṣì wà lórí ìdúró. Ibi tẹ́ ẹ bá ti fi ayùn gé e ní ìdábùú, ẹnu àwọn ihò yẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ibẹ̀ ló ń mu omi jù.

5. Òróró ńkọ́? Linseed oil làwọn tó ń ṣe ìdí ìbọn ti ń lò tipẹ́, torí pé tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ó ń gbẹ, ó sì ń le. Òróró ẹ̀pà àti epo pupa kì í gbẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má dán an wò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi kùn ún, kẹ́ ẹ nu èyí tó ṣẹ́ kù kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún kùn ún. Òróró ò lè dènà omi pátápátá o. Àmọ́ tí ojú rẹ̀ bá ha, ẹ máa tún un kùn ni. Fáníìṣì tó nípọn ń dènà omi jù ú lọ, àmọ́ tó bá fi lè sán, omi á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, á sì bó.

6. Ó yá, ẹ padà sí Abúlé Ẹ̀gbá wa. Ẹ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan létí títì, kẹ́ ẹ yí àga kan dojú dé. Lókè, sealer àti gloss, ó ń kọ mànà. Lábẹ́, igi lásán. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tó máa dúró sínú omi nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fọ ilé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tí òjò bá dé, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ò ní padé mọ́. Àwa náà á wá ní iṣẹ́ Nàìjíríà ò dáa, a ó lọ ra ti òyìnbó tí wọ́n fi ègé igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Ìyẹn gan-an, tó bá mu omi tó wú, kì í padà sí bó ṣe wà.

7. Ẹ má dá káfíńtà nìkan lẹ́bi sha. Àwa la máa ń ná an títí owó ò fi ní kù sí i lọ́wọ́. Níbo lẹ fẹ́ kó ti dín ìnáwó kù? Ibi tí ojú wa ò dé ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

8. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: àkísà tó mu linseed oil, tẹ́ ẹ bá ká a jọ sílẹ̀, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi. Àdúgbò tí iná ọ̀pá epo ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní December 26, 2006, kò yẹ kí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ iná fún wa.

9. Nítorí náà, nígbà míì tẹ́ ẹ bá lọ ra bẹ́ẹ̀dì, ẹ bi wọ́n ní mẹ́ta: Ṣé igi yìí ti gbẹ? Kí lẹ fi kun abẹ́ rẹ̀? Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Tí wọ́n bá ní àfikún owó ló máa gbà, ẹ san án jàre. Àfikún yẹn kéré sí owó bẹ́ẹ̀dì tuntun.