Gbígbé Ẹsẹ̀ Sókè fún Agbára Ikùn

Àwọn àgbẹ̀ a máa wí pé ọkọ́ ti tó fún ẹni tí ń ro oko. Kí ni a tún ń dùbúlẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè fún? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ kọ ebè láti òwúrọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Iṣan ikùn, tí ì bá ràn án lọ́wọ́, kì í rí iṣẹ́ tó.

Ṣùgbọ́n ìṣe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò tọ́: wọn a na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, wọn a máa jù wọ́n sókè ní ìgbà 50, wọn a sì máa yangàn. Kí ẹ mọ̀, ẹ̀yin ará, pé iṣan tí ó so ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìbàdí mọ́ itan ni ó ń gbé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ikùn ni láti di ìbàdí mú kí ó má yẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ti gbé kúrò lórí ẹní, ikùn ti juwọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn ni ó sì ń jìyà.

Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a máa yí i padà. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ká orúnkún, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó tó gbé èkejì. Bí èyí bá rọrùn, kí ó gbé méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú orúnkún kíká. Lẹ́yìn náà kí ó na ọ̀kan. Nína méjèèjì ni ó kẹ́yìn. Sísọ̀ kalẹ̀ gan-an ni kí a fi sùúrù ṣe. Kí a má sì ṣe sé èémí. Ìgbà 10 báyìí tó.

Ẹni tí ó ní ìpá, aboyún, àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà tàbí agbẹ̀bí léèrè. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ni, kí a padà sí orúnkún kíká láìtijú.