Ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Òkè-Ògùn Kọ́ Iṣẹ́ Àwòrán Orí Pátákó LED

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Onímọ̀ Ẹ̀rọ Ṣèyí Mákindé, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti Kọmíṣọ́nnà fún Ọ̀rọ̀ Ọ̀dọ́ àti Eré Ìdárayá.

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ẹ̀yin lẹ ṣe é tó fi dán. Ẹ gbé ẹ̀ka LAUTECH wá sí Ìsẹ́yìn, ẹ sì tún pápá ìṣeré Lekan Salami ṣe ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ìyẹn ló fún wa láyà láti kọ̀wé yìí.

Nígbà tí Super Eagles dé àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire, lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, gbogbo wa la rí pátákó iná LED tó yí pápá ká, tí orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ ń sáré lórí rẹ̀. Ènìyàn ló jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ya àwọn àwòrán náà, ó sì gbowó iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn la fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́.

Ẹ má bínú tí a bá ṣàlàyé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ pátákó LED ẹ̀gbẹ́ pápá kò ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó pápá fúnra rẹ̀, mítà 105. Bí mílímítà 10 bá wà láàárín ojú iná kan sí èkejì, ojú iná 100 péré ni ayàwòrán ní láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ní 10,500 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ wo aṣọ òkè Ìsẹ́yìn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gùn lọ rẹrẹ, fọ́nrán òwú ni ahunṣọ sì ń kà kí ọnà tó jáde lójú rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà nídìí òfì ti mọ̀ pé bí ọnà bá pọ̀ jù lójú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣe ló máa ń dàrú. Ohun tí àwọn míì ń lọ kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ọwọ́ tirẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò tó. Ọmọ náà tún ní láti kọ́ pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ tóbi kí ẹni tó wà lódìkejì pápá lè kà á. Àwòrán kò gbọdọ̀ máa ṣẹ́jú wìrìwìrì débi tí ojú amúlé yóò fi kúrò lára bọ́ọ̀lù. Àwọ̀ funfun ló ń jẹ iná jù, nítorí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ló ń tàn pọ̀ kí funfun tó jáde. Ẹni tó bá fi dúdú ṣe ìpìlẹ̀ ti dín owó iná kù. Ẹ̀yin Gómìnà wa, onímọ̀ iná mànàmáná ni yín, ẹ mọ èyí jù wá lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ohun tó dára lójú kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́ lójú pátákó, àfi kí ọmọ gbé e síbẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ní Ṣakí lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ètò kọ̀ǹpútà CorelDRAW ṣe báńà ìsìnkú àti ìgbéyàwó, wọ́n mọ àwọ̀, wọ́n mọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n báńà kì í rìn. Ọ̀fẹ́ ni Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè fi mú àwòrán rìn. Kọ̀ǹpútà tó lè gbé e àti iná tí kì í lọ ni kò sí. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣe àwòrán lọ́wọ́, iṣẹ́ òru mọ́jú lè ṣòfò, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì lè gbé èrè gbogbo iṣẹ́ náà lọ.

Nítorí náà la ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ bá wa ṣí yàrá iṣẹ́ kan ní The Oke-Ogun Polytechnic, Ṣakí, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, iná oòrùn àti pátákó LED kékeré kan tí wọn yóò máa fi dánra wò. Ẹ jẹ́ kí pátákó náà máa lọ sí ìdíje àwọn ilé-ìwé káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn. Pàtàkì jù lọ, nígbàkígbà tí pátákó LED bá fẹ́ wọ pápá ìṣeré ìjọba, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ yìí tó ti kọ́ṣẹ́ ni yóò ya lára àwòrán rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́ wọn tán tí ẹ kò gbé iṣẹ́ fún wọn, Èkó ni wọn yóò kọrí sí.

Kì í ṣe pápá ìṣeré tuntun la ń tọrọ. Iṣẹ́ yìí kò sì ní kí ọmọ fi ilé sílẹ̀: ó lè jókòó sí Ìsẹ́yìn kó yàwòrán fún pápá ní Ìbàdàn, Uyo tàbí Accra, fáìlì ni yóò kàn fi ránṣẹ́. A bẹ̀ yín, ẹ fi yàrá iṣẹ́ yìí sínú ètò ìsúná tó ń bọ̀, kí sáà yín tó parí lọ́dún 2027. Ọjọ́ tí ẹ bá ránṣẹ́ pè wá sí Ìbàdàn, a ó wá.

Àwa òbí àti ọ̀dọ́ Ṣakí àti Ìsẹ́yìn